Ilé tí a fi yá owó: àgbéyẹ̀wò ohun tí òfin Illinois fi sílẹ̀ fún onílé ní Hyde Park

Ní Hyde Park, ní apá gúúsù Chicago, ibi méjì ni a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ gbígbẹ́sẹ̀ lé ilé. Àkọ́kọ́ ni ẹnu ọ̀nà àwọn onílé, níbi tí ìwé ìpẹ̀jọ́ ń dé sí, tí ẹjọ́ sì ń gba ibẹ̀ lọ sí Daley Center láàárín ìgboro, lọ́dọ̀ àwọn adájọ́ Cook County. Èkejì ni Yunifásítì Chicago, tí ọgbà rẹ̀ gba àárín àdúgbò náà, níbi tí àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé àti onímọ̀ òfin ti ń jiyàn láti ìgbà tí ọjà ilé ti dẹnu kọlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2007 sí 2009. Ìbéèrè kan náà ló wà nílẹ̀ níbi méjèèjì: nígbà tí onílé kò bá rí owó mọ́gẹ́ẹ̀jì san mọ́, kí ló yẹ kí òfin fún un, kí sì ni àǹfààní tí ohun tí òfin ń fún un ń ṣe fún un ní tòótọ́? Ìdáhùn pọ̀, wọ́n sì ń tako ara wọn. Àwọn kan ní kí ilé ẹjọ́ di ọwọ́ báǹkì mú. Àwọn kan ní dídì mú náà ló ń ba ọjà jẹ́. Àwọn kan ní kí a gé nínú ojú owó. Àwọn mìíràn ní owó oṣooṣù ni ká dín kù. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé àkókò ni ohun tó pọ̀ jù tí òfin Illinois ń fún onílé, àti pé àkókò náà kì í gba ilé là àfi bí a bá so ó mọ́ àdéhùn tó sọ owó oṣooṣù di ohun tí onílé lè san.

Òfin bó ṣe wà

Illinois wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí báǹkì kò ti lè gba ilé láìgba ilé ẹjọ́ kọjá. Òfin tó ṣètò rẹ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti July 1987. Ó yẹ kí ẹni tó dàgbà sí Nàìjíríà fi èyí sọ́kàn, nítorí ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, lábẹ́ òfin ohun ìní ti 1959, olówó tó fi ìwé àdéhùn olóǹtẹ̀ yáni lówó lè ta ilé náà láìkọ́kọ́ lọ bá adájọ́. Láyé àtijọ́ pàápàá, olówó a máa rán ológò lọ jókòó ti onígbèsè nílé, kó máa yọ ará ilé lẹ́nu títí wọn yóò fi wá owó wá. Samuel Johnson ṣàpèjúwe àṣà náà nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Illinois kò fàyè gba pé kí olówó dá ẹ̀tọ́ ara rẹ̀ gbà lọ́nà bẹ́ẹ̀. Bí onílé bá ṣì ń gbé inú ilé, báǹkì kò gbọ́dọ̀ pààrọ̀ àgádágodo rẹ̀ kí adájọ́ tó sọ̀rọ̀.

Kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni ààbò ti bẹ̀rẹ̀. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ tó di òfin ní January 2014 ní kí iléeṣẹ́ tó ń gba owó mọ́gẹ́ẹ̀jì má pe ẹjọ́ àfi bí gbèsè bá ti ju ọjọ́ 120 lọ. Bí onílé bá sì kọ ìwé ìrànwọ́ pé pérépéré nígbà tí gbànjo ṣì kù ju ọjọ́ 37 lọ, wọ́n ní láti dá a lóhùn kí wọ́n tó lu ilé náà ní gbànjo. Bí ìwé ìpẹ̀jọ́ bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ó ní ọjọ́ 30 láti fèsì. Láàárín ọjọ́ 90, ó lè san gbèsè ẹ̀yìn pẹ̀lú ìnáwó ẹjọ́, kí mọ́gẹ́ẹ̀jì sì padà sípò bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láàárín ọdún 5 ni òfin gbà á láyè. Ìràpadà tún wà, ìyẹn ni kó san gbogbo gbèsè pátá, yálà pẹ̀lú ẹ̀yáwó tuntun tàbí kó fúnra rẹ̀ wá ẹni tí yóò ra ilé náà. Àyè ìràpadà ilé gbígbé máa ń ṣí sílẹ̀ títí di oṣù 7 lẹ́yìn ìwé ìpẹ̀jọ́ tàbí oṣù 3 lẹ́yìn ìdájọ́, èyí tó bá pẹ́ jù. Ẹ̀yìn èyí ni gbànjo, ẹ̀yìn gbànjo sì ni adájọ́ yóò tún jókòó láti fọwọ́ sí i. Ó lè kọ̀ bí wọn kò bá kéde gbànjo bó ti yẹ, bí iye tí wọ́n tà á bá burú kọjá ààlà, bí jìbìtì bá wà nínú rẹ̀, tàbí bí a kò bá ṣe òdodo lọ́nà mìíràn. Onílé tún ní ọjọ́ 30 sí i kí wọ́n tó lè gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Bí owó gbànjo bá ju gbèsè lọ, tirẹ̀ ni ìyókù. Bí kò bá tó, Illinois gbà kí báǹkì béèrè àṣẹ́kù gbèsè náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wo bí gbogbo rẹ̀ ṣe jẹ́ ọjọ́ àti oṣù. Òfin náà kò dá kọ́bọ̀ kan sílẹ̀ fún onílé. Orí èyí ni àríyànjiyàn ti pín.

Àwọn tó ní kí ilé ẹjọ́ di ọwọ́ báǹkì mú

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ́wọ́ àwọn wọ̀nyí ni ohun tó tú síta ní 2010, nígbà tó hàn pé àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì ń fọwọ́ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé ìbúra láìka ohun tó wà nínú wọn. Ní 2012, báǹkì ńlá 5 bá ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ìpínlẹ̀ 49 ṣe àdéhùn bílíọ̀nù 25 dọ́là nítorí rẹ̀. Ní 2013 ni ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Illinois fi ìlànà tuntun múlẹ̀, pé kí ẹni tó bá búra nípa iye gbèsè sọ bí òun ṣe mọ̀ ọ́n àti inú ìwé wo ni òun ti rí i. Níbi tí kò ti sí adájọ́, ta ni ì bá béèrè ìwé náà? Ẹ̀rí kejì ti inú Hyde Park fúnra rẹ̀ wá. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé Atif Mian àti Amir Sufi, pẹ̀lú Francesco Trebbi, fi àwọn ìpínlẹ̀ tó ń lo ilé ẹjọ́ wé àwọn tí kò lò ó, wọ́n sì rí i pé láti 2007 sí 2009, gbígbẹ́sẹ̀ lé ilé àwọn onígbèsè fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì níbi tí báǹkì kò ti ní láti bá adájọ́ sọ̀rọ̀. Bí ilé tí wọ́n gbà ṣe ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni iye ilé àwọn aládùúgbò tí kò jẹ gbèsè kankan ń já wálẹ̀, tí ọjà mọ́tò àti iṣẹ́ ilé kíkọ́ sì ń rẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kì í rí ohun tí a kò bá gbé wá síwájú rẹ̀. Ní October 2008, Tom Dart tó jẹ́ ṣẹ́ríìfù Cook County dá lílé àwọn ènìyàn jáde dúró fúngbà díẹ̀, nítorí àwọn ayálégbé tó ń san owó ilé wọn déédéé ni wọ́n ń kó ẹrù wọn síta fún gbèsè tí wọn kò mọ̀ rárá. (Chicago ti fi òfin bo irú àwọn bẹ́ẹ̀ láti 2013: ẹni tó bá gba ilé ní láti jẹ́ kí ayálégbé tẹ̀síwájú tàbí kó san 10,600 dọ́là fún un láti kó lọ.) Onílé tí kò bá fèsì kò sàn jù wọ́n lọ. Nínú ẹjọ́ McCluskey ti 2013, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Illinois sọ pé bí báǹkì bá ti ní kí adájọ́ fọwọ́ sí gbànjo, ọ̀rọ̀ pé ìdájọ́ àìwá-jẹ́jọ́ kò tọ́ nìkan kò tó mọ́. Onílé ní láti fi hàn pé ohun kan dí òun lọ́wọ́ láti gbèjà ara òun, débi pé òdodo kò ṣẹ. Àìtètè mólè, olè ń mú olóko. Ẹni tó dákẹ́ nígbà tí àwíjàre rẹ̀ lágbára yóò sọ̀rọ̀ nígbà tí kò lágbára mọ́.

Àwọn tó ní ìdádúró kì í gba ilé là

Ẹ̀gbẹ́ kejì kò sọ pé kí báǹkì máa ṣe bó ti wù ú. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé ta ló ń san owó ìdádúró. Karen Pence, onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ní báǹkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà, fi hàn ní 2006 pé níbi tí òfin ti ṣe ojúrere sí onígbèsè, ẹ̀yáwó ilé fi ìdá 3 sí 7 nínú ọgọ́rùn-ún kéré ju ti ẹ̀gbẹ́ kejì ààlà ìpínlẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé ẹni tí kò tíì ra ilé ń san nínú owó ààbò ẹni tó ti rà á. Kristopher Gerardi, Lauren Lambie-Hanson àti Paul Willen tún gbé ẹ̀rí tó le jù bẹ́ẹ̀ jáde ní 2013: ní àwọn ìpínlẹ̀ tó ń lo ilé ẹjọ́, onígbèsè kò rí gbèsè rẹ̀ san ju ti ibòmíràn lọ, báǹkì kò sì tún àdéhùn ṣe fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ, ńṣe ni ọjọ́ gùn, tí ọ̀pọ̀ jù lọ sì pàdánù ilé náà níkẹyìn. Mian àti ẹgbẹ́ rẹ̀ pàápàá gbà pé láàárín 2011 sí 2013, àmì ìmúbọ̀sípò díẹ̀ hàn ní àwọn ìpínlẹ̀ tí kò lo ilé ẹjọ́.

N kò rò pé a lè fọwọ́ rọ́ ẹ̀rí yìí sẹ́yìn, àwọn tó fẹ́ràn onílé ni ó sì yẹ kó kọ́kọ́ kà á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wọ̀n. Ó wọn ìpínlẹ̀ tó fún ènìyàn ní àkókò láìfún un ní nǹkan mìíràn: kò sí lọ́yà, kò sí ìlàjà, kò sí ẹni tó fi dandan mú báǹkì jókòó. Pé àkókò òfìfo kò gba ilé là kò túmọ̀ sí pé àkókò tí a fi iṣẹ́ sí kò lè gbà á. Oṣù tí ènìyàn fi wà nínú ilé kí wọ́n tó lé e tún ní iye tirẹ̀: ó lè parí ọdún ilé ìwé àwọn ọmọ níbẹ̀, ó lè kó owó ilé mìíràn jọ, ó lè wá olùrà tí yóò san ju iye gbànjo lọ. Ìwádìí tó bá ka "ó pàdánù ilé" sí ohun kan ṣoṣo kò rí ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó jáde pẹ̀lú owó lọ́wọ́ àti ẹni tí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ sójú títì.

Ojú owó ni, àbí owó oṣooṣù?

Ibí ni àríyànjiyàn ti gbóná jù, àwọn tó ń jà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ aládùúgbò. Nínú ìwé wọn *House of Debt*, tí ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Chicago gbé jáde ní 2014, Mian àti Sufi sọ pé ojú owó ni kí a gé. Nígbà tí iye ilé bá já wálẹ̀ tí gbèsè kò já, onílé nìkan ló ru gbogbo àdánù. Ó dáwọ́ ìnáwó dúró, ọjà àwọn ẹlòmíràn sì kú mọ́ ọn lára. Ṣáájú wọn, ní 2009, Eric Posner ti ilé ẹ̀kọ́ òfin yunifásítì náà àti Luigi Zingales ti Booth, ilé ẹ̀kọ́ okòwò rẹ̀, ti dábàá pé ní àwọn àdúgbò tí iye ilé bá ti já ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kí onílé lè ní kí wọ́n gé gbèsè rẹ̀ sí iye tí ilé tó lọ́jọ́ náà, kó sì fún báǹkì nípìn-ín nínú èrè bí iye ilé bá gòkè lẹ́yìn ọ̀la. Mo rí òdodo nínú àbá yẹn, nítorí ó pín àdánù, ó sì pín èrè.

Peter Ganong àti Pascal Noel, tí àwọn náà jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì kan náà, wo ètò HAMP tí ìjọba àpapọ̀ lò láti 2009 sí 2016, tó ń gbìyànjú láti mú owó oṣooṣù sọ̀ kalẹ̀ sí ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún onílé. Àbájáde wọn jáde ní 2020. Àwọn tí wọ́n gé ojú owó wọn tí owó oṣooṣù wọn kò yí padà kò san gbèsè ju àwọn tí wọn kò gé tiwọn lọ, ìnáwó wọn náà kò sì pọ̀ sí i. Àwọn tí wọ́n fa ọdún ẹ̀yáwó wọn gùn, tí owó oṣooṣù fi dín kù, ni àìsanwó wọn dín kù gan-an. Owó tó wà lọ́wọ́ lónìí ló ń gba ilé là; ọrọ̀ tó wà lórí ìwé kò tó. Ohun tó tún mú kí èyí wúlò ni pé fífa ọdún gùn lè má ná báǹkì ní nǹkan púpọ̀, nígbà tí gígé ojú owó jẹ́ àdánù lójú ẹsẹ̀.

Àwọn tó dúró lẹ́yìn ojú owó ní ìdáhùn. Àwọn tí HAMP gé gbèsè wọn ṣì jẹ ju iye ilé wọn lọ lẹ́yìn gígé náà, nítorí náà wọn kò lè ta ilé, wọn kò sì lè fi yá owó mìíràn. Ẹni tí iṣẹ́ gbé lọ sí ìlú mìíràn, tàbí tọkọtaya tó fẹ́ kọ ara wọn sílẹ̀, ojú owó ló dè wọ́n mọ́lẹ̀, kì í ṣe owó oṣooṣù. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, fún onílé tó fẹ́ dúró sínú ilé rẹ̀, tí ìṣòro rẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ bọ́ tàbí pé àìsàn gba owó ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀rí Ganong àti Noel ló borí lójú tèmi. Àdéhùn tó dín owó oṣooṣù kù ni kó kọ́kọ́ béèrè, kó sì béèrè rẹ̀ kí àkókò tó tán.

Chapter 13 àti ìbò tó ṣubú

Ẹni tó wọko gbèsè lè gba ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ lọ. Bó bá ti forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ Chapter 13 ti òfin àwọn tó wọko gbèsè, gbogbo ẹjọ́ dúró, a ó sì fún un ní ọdún 3 sí 5 láti máa san gbèsè ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀ bó ti ń san owó oṣooṣù lọ. Èyí ni irinṣẹ́ tó lágbára jù fún ẹni tí owó ti tún ń wọlé fún, ṣùgbọ́n ó ní láti ṣe é kí wọ́n tó lu gbànjo. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó wà fún Illinois sọ ní 2003 pé ẹ̀tọ́ náà parí nígbà tí gbànjo bá parí, kì í ṣe nígbà tí adájọ́ bá fọwọ́ sí i. Ohun tí adájọ́ Chapter 13 kò lè ṣe ni gígé ojú owó ilé tí ènìyàn ń gbé. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà ti sọ bẹ́ẹ̀ láti 1993. Adájọ́ kan náà sì lè gé ti ilé ìgbafẹ́ tàbí ilé tí ènìyàn fi ń pawó. Dick Durbin, aṣòfin àgbà láti Illinois, gbìyànjú láti yí èyí padà. Ní April 30, 2009, ìbò 45 ló gbè é, 51 sì takò ó. Àwọn alátakò ní èlé yóò gòkè fún gbogbo ènìyàn. Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ kò sí ẹni tó ṣàlàyé fún mi rí ìdí tí ilé kejì olówó fi yẹ fún àánú tí ilé kan ṣoṣo òtòṣì kò yẹ fún.

Kọ́ńdò àti owó orí ilé

Hyde Park kún fún kọ́ńdò, ìyẹn ilé ńlá tí olúkúlùkù ti ní abala tirẹ̀, onílé kọ́ńdò sì ń jẹ olówó méjì ní gbèsè. Ẹgbẹ́ onílé lè fi òfin ilé-jáde lé ẹni tí kò san owó ìtọ́jú oṣooṣù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jẹ báǹkì ní kọ́bọ̀. Ní 2014, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Illinois sọ pé onílé kò lè fi òrùlé tí ẹgbẹ́ kò tún ṣe ṣe àwíjàre àìsanwó rẹ̀. Ó dà bí ìkà, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan kò bá san, àwọn aládùúgbò rẹ̀ ni yóò san epo ìmúlémóoru. Ilé ẹjọ́ kan náà kò dá báǹkì sí: ní 2015, ó ní ẹni tó bá ra kọ́ńdò ní gbànjo gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í san owó oṣooṣù lẹ́yìn rírà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbèsè àtẹ̀yìnwá yóò máa rọ̀ mọ́ ilé náà. Ní ti owó orí ilé, ìdájọ́ Tyler tí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà ṣe ní May 2023, lórí kọ́ńdò kan ní Minnesota tí ìjọba tà ní 40,000 dọ́là fún gbèsè 15,000 dọ́là tí wọ́n sì kó gbogbo owó náà, ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àjẹkù jẹ́ ti onílé.

Fífi ilé sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara ẹni

Nígbà mìíràn jíjáde ló sàn. Onílé lè tà á pẹ̀lú ìyọ̀ǹda báǹkì ní iye tó dín ní gbèsè, lè kó ìwé ilé lé báǹkì lọ́wọ́, tàbí kó gbà kí adájọ́ fi ilé fún báǹkì láìsí gbànjo. Lábẹ́ òfin Illinois, ọ̀nà kẹta pa àṣẹ́kù gbèsè rẹ́. Ọ̀nà kejì náà ń pa á rẹ́ àfi bí wọ́n bá kọ ohun mìíràn sínú àdéhùn. Ọ̀nà àkọ́kọ́ kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀ nínú òfin, ohun tí báǹkì bá kọ ni yóò dúró. Kí òǹkàwé ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní òun yóò bá a gba ilé là tó sì ń gba owó ṣáájú: láti 2007 ni Illinois ti sọ ọ́ di èèwọ̀ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gba owó kí iṣẹ́ tó parí.

Ohun tí kò tíì yanjú

Cook County bẹ̀rẹ̀ ètò ìlàjà fún ẹjọ́ mọ́gẹ́ẹ̀jì ní 2010, láti 2020 ni ó sì ti ń fún àwọn onílé ní ìmọ̀ràn òfin lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀nà tí mo gbèjà nìyí, pé kí àkókò àti àdéhùn jọ rìn. Síbẹ̀, n kò tíì rí ẹni tó fi hàn kedere bóyá ìlàjà ń mú kí onílé dúró sínú ilé fún ọdún púpọ̀, tàbí ó kàn ń sún ọjọ́ síwájú. Ta ni yóò san owó ìdádúró náà, báǹkì ni, àwọn ayáwó tuntun, àbí àwọn aládùúgbò nínú kọ́ńdò? Àwọn adájọ́ kò tíì fẹnu kò lórí ibi tí "a kò ṣe òdodo" bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí. Illinois sì ṣì gbà kí báǹkì tó fúnra rẹ̀ ra ilé ní gbànjo ní owó pọ́ọ́kú tún padà béèrè àṣẹ́kù lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n lé jáde. Lójú mi, kò bójú mu. Kí àwọn aṣòfin tó yanjú ìyẹn, ẹni tí ìwé ìpẹ̀jọ́ bá tẹ̀ lọ́wọ́, kó kọ déètì ọjọ́ náà sílẹ̀ níbi tí yóò ti máa rí i: ọjọ́ 30 ló ní láti fèsì, ọjọ́ 90 láti san gbèsè ẹ̀yìn.